Ọjọ́ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìwé

Bí ẹ bá gba Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Mápó, kí ẹ tó dé ibi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́wọ́ òsì tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Àtọ́kẹ́ ló ni ín. Ọdún kẹrìndínlógójì rèé tó ti ń tẹ̀wé fún aráyé níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí Mógàjí tó jẹ́ olórí ẹbí rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe àdéhùn ilẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ kú tó fẹ́ pe èèyàn sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bọ̀. Àwọn àgbà agboolé míì wà tí wọn kì í tẹ̀ka sí ìwé tí kò bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n ní ìwé tàwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í ní àmì lórí, pé téèyàn bá kà á, ọ̀tọ̀ ni ohun tí yóò gbọ́.

Mọlétè ló ti kọ́ṣẹ́ náà, lórí táìpíráítà, nígbà tí ìka rẹ̀ ṣì rọ̀. Lọ́dún 1998 ló ra kọ̀ǹpútà. Ọ̀gbẹ́ni Samuel, akọ̀wé ìjọba kan ní Agódi tó mọ kọ̀ǹpútà lò ṣáájú ọ̀pọ̀ èèyàn, ló bá a fi ètò ìtẹ̀wé kan sínú rẹ̀, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sọ́fúwíà báyìí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Téèyàn bá fẹ́ fi àmì sórí ọ̀rọ̀, bọ́tìnnì kan péré ni yóò tẹ̀, àmì náà á sì jókòó síbi tó yẹ ẹ́. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Mápó nígbà náà. Ẹ jẹ́ n má fọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín, obìnrin náà gbéra ga díẹ̀. Ta ni kò ní gbéra ga? Kí ọkùnrin tó ní ìyàwó mẹ́ta máa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, kó máa bẹ̀ ọ́ kóo bá òun kọ lẹ́tà, ìyẹn ò kéré.

Lọ́dún 2022, iná ọba tó ti lọ fún ọjọ́ mẹ́rin já wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tagbára-tagbára. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà rú èéfín, ó sì dákẹ́. Àtọ́kẹ́ sunkún bí ẹni tó ṣòfò èèyàn. Nígbà tó nu ojú tán, ó lọ ra tókunbọ̀ míì tó mọ́ tónítóní, ó gbé e wálé, wàhálà bá bẹ̀rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá kan wà tó ń darí gbogbo iṣẹ́ tó kù. Wíńdò ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà nínú ti Àtọ́kẹ́, tuntun sì ni. Ọ̀gá tuntun yìí wo ètò Ọ̀gbẹ́ni Samuel sùn-ùn, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Àtọ́kẹ́ ránṣẹ́ pe Olúgbénga, ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Beyerúńká. Olúgbénga jókòó, ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún, ó mi orí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jẹ́ kí nǹkan yìí sinmi. Sọ́fúwíà tuntun tó ń kọ Yorùbá dáadáa ti pọ̀ nílẹ̀. Ọ̀fẹ́ lòmíì gan-an."

"Ìwé ọdún mẹ́rìnlélógún tó wà ńbẹ̀ ńkọ́?"

Olúgbénga fi ètò tuntun ṣí ọ̀kan wò. Àwọn lẹ́tà náà fọ́n kálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí ibi tí adìẹ ti tanlẹ̀. Àtọ́kẹ́ pòṣé.

"Ṣóo rí i? Bá mi gbé tèmi dìde."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Olúgbénga fi jókòó tì í. Ọgbọ́n mẹ́ta ló dá, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n, torí ibẹ̀ ni òfò tó ṣẹ̀ yìí ti wá. Èkíní, ó ṣètò Wíńdò tuntun kó máa ṣe bí ti àtijọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí ètò Ọ̀gbẹ́ni Samuel. Èkejì, ó rí i pé ìparí ọdún 2005 ni Ọ̀gbẹ́ni Samuel fún ètò náà láṣẹ mọ. Ó ti ní òun á wá fi kún un, ikú ò jẹ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò mọ̀ pé àṣẹ náà ti tán, torí bátìrì kékeré tó fi ń mọ ọjọ́ ti kú tipẹ́, ọdún 2002 ló rò pé òun ṣì wà títí èéfín fi bò ó. Tuntun mọ ọjọ́ ní tirẹ̀. Olúgbénga bá kọ́ Àtọ́kẹ́ pé tó bá tan kọ̀ǹpútà láràárọ̀, kó yí ọdún padà sí 2004, kó fi ọjọ́ àti oṣù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀kẹta, ètò àtijọ́ náà ò gbọ́ èdè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun, ó di dandan kí wọ́n wá ètò kékeré kan tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ní àṣà kan. Gbogbo ìwé tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, á kọ ọjọ́ tó bá rí nínú kọ̀ǹpútà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-tín bí èèrà.

"Gbénga, kín rèé nísàlẹ̀ yìí?"

"Kò sí ńkan ńbẹ̀, Ìyá. Ẹ máa fi bíléèdì gé e dànù."

Àtọ́kẹ́ ń gé e. Á gbé rúlà lé ìsàlẹ̀ ìwé, á fa bíléèdì kọjá lẹ́ẹ̀kan, ìwé á kúrú díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. Nígbà tó fi máa tó ọdún méjì, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n bí ẹni ń gé ilá. Kò sí oníbàárà tó fura rí.

Ìgbà náà lọ̀rọ̀ ilé Àrẹ̀mọ dé. Karimat, ìyá Àtọ́kẹ́, ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìgbà tó wà lọ́mọge ló ti kó kúrò nílé ọkọ, tó pọn Àtọ́kẹ́ padà sí agboolé bàbá rẹ̀ ní Àrẹ̀mọ. Bàbá rẹ̀ ò bá a jà. Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta jọ, ó ní, "Ti Karimat nìyí, tòun tọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá lé e níbẹ̀, èmi ló lé." Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn? Karimat darúgbó síbẹ̀, ó gbin ewúro sẹ́yìn ilé, ó sì ti ń sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Yésúfù, ọmọ ẹ̀gbọ́n Karimat, mú ọkùnrin kan wá tó fẹ́ wó gbogbo ilé tó kọjú sí títì kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ilé Karimat wà lára wọn. Yésúfù ní ilé ẹbí ni, pé dálémosú tí wọ́n fún ní ibi tí yóò sùn kò tìtorí ìyẹn di onílé. Nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí bàbá pè jọ lọ́jọ́sí, ẹnì kan ló kù láyé, Bàbá Zakariyya, ẹ̀gbọ́n Karimat. Ó ti pé àádọ́rùn-ún ọdún. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ṣe bàìbàì rárá.

"Ìpàdé ẹbí ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú," ni Bàbá wí. "N ó lọ síbẹ̀, n ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ká wo ẹni tó máa la ẹnu."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó mọ́," ni Àtọ́kẹ́ fèsì. "Ìwé layé ń bèèrè báyìí. Tá a bá dé kóòtù ńkọ́?"

"Èmi ni mo wà ńbẹ̀, Àtọ́kẹ́. Ìwé ò sí ńbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì gbà. Ó sọ̀rọ̀, Àtọ́kẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, ó tẹ̀ ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi gbogbo iṣẹ́ tó mọ̀ láti ìgbà Mọlétè sí i. Kò fi àmì kankan sílẹ̀, ó kọ orúkọ ẹni tó kú àti ẹni tó wà láàyè bó ṣe yẹ, ó tẹ ọjọ́ àti ọdún gangan sókè ìwé. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ìwé ti bọ́ sílẹ̀ báyìí ni Karimat pè pé àyà ń dun Bàbá láti àárọ̀. Àtọ́kẹ́ gbá ìwé náà mú, ó gun ọ̀kadà, ó sáré lọ sí Àrẹ̀mọ. Awò ojú rẹ̀, rúlà rẹ̀ àti bíléèdì rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù.

Àyà Bàbá ti fúyẹ́ kó tó dé. Àtọ́kẹ́ na ìwé náà jìnnà sójú, ó ka àwọn lẹ́tà ńlá rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ló rí, ó sì tẹ̀ka sí i. Karimat nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Inú Àtọ́kẹ́ dùn débi pé kò lè fi ìwé náà sílẹ̀ lásán. Nígbà tó ń padà, ó yà ní Ọjà'ba, ó ní kí wọ́n ṣe é ní láminéètì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá ní Ìbàdàn. Ìwé tí a bá fẹ́ràn, a ó fi rọ́bà dì í, kí omi má kàn án, kí eku má jẹ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lè fi bírò kan kún un láéláé. Wọ́n dì í dáadáa. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n dì í mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, ó pe fóònù ìyá rẹ̀, ó ní kó fún Bàbá.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ yọra yín lẹ́nu. Oòrùn tòní mú, àyà tó ń dùn yín ò sì tíì lọ tán. Ìwé wà lọ́wọ́ mi. Ẹ sinmi."

"Ó dáa náà," ni Bàbá wí.

Nípàdé, Àtọ́kẹ́ dìde, ó gbé ìwé rẹ̀ sókè, ó ń dán gbinrin lábẹ́ rọ́bà. Mógàjí ní Yésúfù rin ìrìn àjò lọ sí Ìlọrin, pé a kì í dá ẹjọ́ lẹ́yìn ẹni, kí ọ̀rọ̀ náà dúró di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ó bèèrè Bàbá Zakariyya, Àtọ́kẹ́ ní ó ń sinmi. Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìpàdé náà, wọ́n fẹ́ jí Bàbá kírun Àsùbáà, kò jí. Wọ́n sin ín kó tó di ọ̀sán.

Nígbà tí ìpàdé oṣù Kẹta pé, Àtọ́kẹ́ gbé ìwé náà fún Mógàjí, Yésúfù sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi ya àwòrán ìwé náà, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú, ó tún fẹ̀ ẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, n ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn títí dòní.

"Mógàjí, ẹ bá mi wo nǹkan. Lókè níbí, wọ́n kọ ọdún 2024. Nísàlẹ̀ níbí, wọ́n kọ 14/02/2004. Ogún ọdún ló wà láàárín orí ìwé yìí àti ẹsẹ̀ rẹ̀."

Fóònù náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ariwo sọ.

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀," ni Yésúfù wí. "Láyé ọjọ́un, ta ló ń bá Bàbá kọ lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì wọn? Ṣebí Àtọ́kẹ́ ni? Ìwé tí Bàbá tẹ̀ka sí nígbà náà ló fi pamọ́, tó wá tẹ ọ̀rọ̀ míì lé lórí lẹ́yìn tí Bàbá lọ tán."

"Bọ̀dá Yésúfù, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Ṣebí mo gbé e sókè níbí nígbà tí Bàbá wà láàyè!"

"O gbé rọ́bà sókè. Ta ló kà á?"

Kò sẹ́ni tó kà á lóòótọ́. Karimat ní òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ka, wọ́n ní ẹni tó lẹ́jọ́ kì í jẹ́rìí ara rẹ̀. Àtọ́kẹ́ ní ẹ̀rọ ló kọ ọjọ́ náà, kì í ṣe òun, pé òun lè mú ẹni tó tún ẹ̀rọ náà ṣe wá. Mógàjí, tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, fún un di ọjọ́ Àìkú kejì.

Olúgbénga dé fìlà wá. Èèyàn dáadáa ni, kò mọ irọ́ pa, ìyẹn gan-an ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

"Ọmọ mi, sọ ohun tóo mọ̀," ni Mógàjí wí.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá. Sọ́fúwíà tí Ìyá ń lò ti gbó, àṣẹ tó ní ti tán láti 2005. Tó bá mọ̀ pé a ti wà ní 2024, kò ní ṣiṣẹ́. Nítorí náà, a máa ń tàn án jẹ ni. Láràárọ̀, Ìyá á sọ fún un pé 2004 la wà."

"Ta ló ń tan ta jẹ?" ni Yésúfù bèèrè.

"Ìyá ló ń tan kọ̀ǹpútà jẹ, sà."

"Láràárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Láti ọdún méjì."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Olúgbénga rò pé wọ́n ti gbọ́ òun yé, òun náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mógàjí bi í bóyá ó lè fi ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé náà gan-an hàn wọ́n nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"2004 náà ló máa wà ńbẹ̀, sà. Gbogbo iṣẹ́ tí Ìyá ṣe láti ọdún méjì, 2004 ló wà lórí ẹ̀."

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti gbọ́ òwe náà láti kékeré, ọjọ́ yẹn ló tó yé mi. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Zakariyya sọ, òótọ́ ni. Ìka tó tẹ̀, ìka rẹ̀ ni. Àlàyé Olúgbénga, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀ àfi èyí tí wọ́n ń pa fún ẹ̀rọ, ìyẹn nìkan sì ni wọ́n gbà gbọ́.

Mógàjí yí ìwé náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Àtọ́kẹ́, n ò pè ọ́ lópùrọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yí ọjọ́ padà láràárọ̀, báwo ni n ó ṣe gbé ìwé rẹ̀ síwájú ẹbí kí n ní kí wọ́n gbà á? Ká ní Bàbá fúnra wọn jókòó síbí lóṣù yẹn, kí wọ́n wí gbólóhùn kan péré, ta ni ì bá yẹ̀ ẹ́ wò?"

Wọ́n ní ilé ẹbí ni. Àwọn kan gbà á nímọ̀ràn kó lọ sí kóòtù. Lọ́yà tó lọ bá yẹ rọ́bà náà wò fún ìgbà díẹ̀, ó ní bí òun bá gbé e dé iwájú adájọ́, ọlọ́pàá lè dá sí i pé ayédèrú ni, kó gbé e padà sílé.

Katakata wó ilé náà lóṣù Kẹfà. Karimat kó wá sí yàrá méjì tí Àtọ́kẹ́ ń gbé ní Beyerúńká, pẹ̀lú àpótí kan àti ẹní ìkírun rẹ̀. Ní Mápó, ìròyìn ti dé ṣáájú. Àwọn àgbà tí kì í tẹ̀ka síwèé ẹlòmíì ń ré ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, àwọn tó yà síbẹ̀ sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ bèèrè pé, "Ìyá, ọdún wo la wà lónìí?" Ọdún mẹ́rìndínlógójì! Ẹ̀yin aráyé, ọjọ́ kan péré lẹ fi gbàgbé ẹ̀. Ó dùn mí fún un.

Ohun tó ń dun òun fúnra rẹ̀ ni pé ìyá rẹ̀ ò bá a wí. Karimat á jẹun tí wọ́n bá fún un, á kírun, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ní dárúkọ Àrẹ̀mọ rárá. Nígbà tó pé oṣù méjì, Àtọ́kẹ́ ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi, kó lè tán nínú yín."

"Kí n bú ọ nítorí kín ni? Ṣé ìwọ lo mọ̀ pé nǹkan á kọ ọjọ́ sísàlẹ̀ ìwé?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, Ìyá. Èmi ni mo dì í."

Karimat yí ojú sí títì.

"Kì í ṣe ti ìwé," ló wí. "Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti wẹ̀ láti ìdájí. Ó ní kí n bá òun lọ agbádá òun, mo bá a lọ̀ ọ́. Ó ti wọ̀ ọ́, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí fóònù rẹ tó wọlé. Nígbà tóo ní kó sinmi, ó gbé fóònù padà fún mi. Ó ní, 'Ọmọ yìí mọ̀wé jù wá lọ, Karimat.' Ló bá bọ́ agbádá náà, ó ká a, ó lọ dùbúlẹ̀."